Graphene mi ò hàn lórí nickel: ṣé kí n padà sórí bàbà ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Orí nickel (111), ìyẹn ojú kírísítálì nickel tí wọ́n gé lọ́nà kan pàtó, ni mo ti ń mú graphene (ìpele kábọ́ọ̀nù tó nípọn átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo) hù, nínú ẹ̀rọ tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Auger, tó ń dá èròjà ojú nǹkan mọ̀, rí kábọ́ọ̀nù; àwòrán LEED, tó ń fi electron wo ètò átọ́ọ̀mù, mọ́ tónítóní. Àmọ́ tí mo bá gbé e sábẹ́ Raman (ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà wo bí átọ́ọ̀mù ṣe ń gbọ̀n), òfìfo! Kò sí G ní 1580 cm⁻¹, kò sí 2D ní 2700 cm⁻¹, àmì méjì tí a fi ń dá graphene mọ̀. Ọ̀gá mi ti ń wò mí níwòkuwò. Ṣé kò sí graphene níbẹ̀ ni?

Bàbá Lábù: Àbúrò, má dà á nù o. Ó wà níbẹ̀, nickel ló gbá a mọ́ra. Ìwọ̀n tí ètò átọ́ọ̀mù graphene fi ń tún ara rẹ̀ ṣe jẹ́ 0.246 nm, ti ojú nickel náà 0.249, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu pátápátá. Ó sún mọ́ irin náà tó 0.21 nm, electron àwọn méjèèjì sì wọnú ara wọn. Ohun tí Raman ń wá ti bà jẹ́. Lórí bàbà, nǹkan bíi 0.33 nm ló wà láàárín wọn: aládùúgbò tó kàn ń kíni lórí ògiri ni wọ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Fi ásíìdì jẹ nickel náà, kí o gbé graphene lé sílíkà. Wàá rí G àti 2D rẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì: Ẹ̀gbọ́n, kírísítálì ni o, kì í ṣe fọ́ìlì! Ta ló máa ra òmíràn fún mi? Bàbà ńkọ́?

Bàbá Lábù: Bàbà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gba kábọ́ọ̀nù sínú. Tí ìpele kan bá ti bò ó, methane, gáàsì tó ń gbé kábọ́ọ̀nù wá, ò rí ojú irin tí yóò ti fọ́ mọ́, iṣẹ́ parí. Ohun tí wọ́n lò ní Yunifásítì Texas ní Austin lọ́dún 2009 nìyẹn. Nickel ní tiẹ̀ ń mu kábọ́ọ̀nù nígbà tó bá gbóná, a sì máa pọ̀ ọ́ padà tó bá ń tutù. Ṣùgbọ́n bàbà ń sún kì tó bá ń tutù láti 1000°C, graphene kì í sún kì, ó ń ká wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀. Kò sí èyí tí kò lábùkù.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi bàbà sílẹ̀ jàre. Fẹ́ wúrà fẹ́ẹ́rẹ́ lé graphene náà, kí o sì yan án. Wúrà á yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, á tú u kúrò lọ́wọ́ nickel, electron rẹ̀ á padà sí ipò. Ìpele átọ́ọ̀mù kan ti tó, má jẹ́ kó pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni kí o padà lọ sábẹ́ Raman.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì: Ẹ ṣeun, mà. Wúrà wà ní lábù kejì. Màá lọ bẹ̀ wọ́n lọ́la.