Mo lóyún sí England, ṣé ọmọ mi á di ará ibẹ̀?

Ọmọ Ẹṣinlọ́kọ̀: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Kwara. Ìlọrin nilé wa, àmọ́ èmi àtọkọ mi wà ní England báyìí, fisà iṣẹ́ la bá wọlé, oyún mi ti pé oṣù méje. Àwọn ará ibiṣẹ́ ní ọmọ á gba pásípọ́ọ̀tù wọn, ṣé òótọ́ ni? Mọ́mì mi tún ní dandan, ọjọ́ kẹjọ ọmọ gbọ́dọ̀ lórúkọ, ta ló sì máa bá mi wẹ̀ ẹ́? Àkọ́bí ni o, àyà mi ń já.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà: Àbúrò, wẹ́rẹ́ lo máa bí i. Pásípọ́ọ̀tù yẹn ò kan ọmọ ẹ o. Láti January 1983 ni bíbí síbẹ̀ nìkan ò ti tó mọ́, àfi tí bàbá tàbí ìyá bá jẹ́ ará ibẹ̀ tàbí tó ti níwèé tó lè fi gbébẹ̀ títí. Kánádà ni wọ́n ti ń ṣèyẹn. Ọmọ Nàìjíríà ni tìẹ. Forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 42, ìwé ọjọ́ìbí yẹn lo máa fi gba pásípọ́ọ̀tù tiwa ní Lọ́ńdọ̀nù, kó o wá gba fisà fún un kó o tó gbé e kúrò níbẹ̀. Ohun tójú mi rí nìyẹn, mo kánjú gbé àwọn ìbejì wálé Iléyá láìní fisà, ìgbà tá a fẹ́ padà ni wọ́n dá wa dúró, oṣù mẹ́ta la fi jókòó s'Ọ́fà, ọkọ mi ń dá sebẹ̀ jẹ lọ́hùn-ún.

Alhaji Ọjà-Ọba: Ọmọ mi, torúkọ ò le rárá. Nígbà tọ́mọ mi bímọ sí Leeds, ìta wa níbí la ti pa àgbò, Àáfà ṣàdúà, wọ́n ń fi WhatsApp wò wá bá a ṣe ń jẹ tùwó. Àmọ́ bàbá ọmọ ni kó kérun sí i létí fúnra ẹ̀, ìyẹn ò gba fóònù.

Ọmọ Ẹṣinlọ́kọ̀: Ẹ ṣé gan-an sà, ẹ ṣé mà. Ti mọ́mì wá ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà: Fisà àlejò ni kí wọ́n gbà, kì í sábà ju oṣù mẹ́fà lọ, kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì náà á máa wá sílé, tó bá dọjọ́ karùn-ún wọ́n á gún ọmọ ní gìgísẹ̀ gbẹ̀jẹ̀, má bá wọn jà o, síkù-sẹ́ẹ̀lì àtàwọn àìsàn míì ni wọ́n ń wò.

Ọmọ Ẹṣinlọ́kọ̀: Ha, fisà ò tíì jáde, mọ́mì ti ra òrí àti kàn-ìn-kàn-ìn sínú báàgì.