Ṣé àyíká lè yí àbùdá tí ẹ̀dá jogún padà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀dá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Wọ́n kọ́ wa pé inú jíìnì tí ọmọ gbà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá ni àbùdá rẹ̀ ti ń wá. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá gé ẹ̀ka méjì lára igi kan ṣoṣo, tí ó gbin ọ̀kan sínú oòrùn, tí ó sì gbin èkejì sábẹ́ ibòji, ewé ti abẹ́ ibòji a máa fẹ̀, a sì máa fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ti inú oòrùn a máa kéré, a sì máa nípọn. Jíìnì kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Kí ni wọ́n wá jogún gan-an? Ṣé irúgbìn èyí tó wà lábẹ́ ibòji yóò máa hu ewé fífẹ̀ bí a bá gbìn ín sínú oòrùn?

Olùkọ́ Bàíọ́lọ́jì:
Ìbéèrè yín ṣe pàtàkì gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ohun tí ẹ̀dá ń jogún kì í ṣe àwọ̀ tàbí ìwọ̀n tí a fojú rí, bí kò ṣe ọ̀nà tí ara rẹ̀ yóò gbà hùwà níbi tí ó bá ti bá ara rẹ̀. Wilhelm Johannsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ní 1909: ó pe ohun tí a jogún ní jẹ́nótáìpù, ó sì pe ohun tó hàn sójú ní fẹ́nótáìpù.

Ẹ wo ehoro tí wọ́n ń pè ní Himalaya. Irun rẹ̀ funfun, àfi etí, imú, ẹsẹ̀ àti ìrù tó dúdú. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà inú ara tí ń mú iṣẹ́ yá, tí ń ṣe àwọ̀ dúdú inú irun rẹ̀ kì í lè ṣiṣẹ́ níbi tí ara bá ti gbóná, ìyẹn ni dúdú fi mọ sí àwọn ibi tí atẹ́gùn ti ń mú kí ara tutù. Bí wọ́n bá fá irun ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n sì so yìnyín mọ́ ibẹ̀ títí irun tuntun fi hù, dúdú ni irun náà yóò jáde. Nígbà tí irun yẹn bá re, tí òmíràn hù láìsí yìnyín, funfun ni yóò tún padà jẹ́. Ọmọ tí ehoro náà bá sì bí kò ní gbé ẹ̀yìn dúdú wáyé, nítorí yìnyín kò fọwọ́ kan jíìnì rárá. Bákan náà ni ọmọ ológbò Siamese ṣe ń fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán nígbà tí wọ́n bá bí i, nítorí gbogbo inú ilé ọmọ ló gbóná. Ẹ̀yìn ìbí ni etí àti ìrù rẹ̀ ń ṣú.

Ọ̀rẹ́ Òkun:
Ti ìjàpá inú òkun tilẹ̀ ju ti àwọ̀ lọ. Ooru iyanrìn tí ẹyin wà nínú rẹ̀ ni ó ń pinnu bóyá akọ ni yóò pa tàbí abo: bí iyanrìn bá tutù ju nǹkan bí 29°C lọ, akọ ni ó ń pọ̀, bí ó bá sì gbóná jù bẹ́ẹ̀, abo ni. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ròyìn pé lára àwọn ọmọ ìjàpá aláwọ̀ ewé tó ti etíkun apá àríwá Great Barrier Reef ní Australia wá, ó ju ìdá 99 nínú 100 lọ tó jẹ́ abo. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí ooru ayé kò dẹ̀ rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀dá:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ewéko orí òkè kan fi ń kúrú nìṣó, kódà bí a bá gbé e wá sí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀?

Àgbẹ̀ Onímọ̀:
Àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Clausen, Keck àti Hiesey, wádìí èyí ní California, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n pín ewéko kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n sì gbìn wọ́n sínú ọgbà mẹ́ta: Stanford, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba, Mather, tó ga tó nǹkan bí mítà 1,400, àti Timberline, tó ga ju mítà 3,000 lọ. Ewéko kan náà yàtọ̀ láti ọgbà dé ọgbà, èyí sì jẹ́ iṣẹ́ àyíká. Ṣùgbọ́n nígbà tí èyí tó ti orí òkè wá àti èyí tó ti ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ wá jọ hù lórí ilẹ̀ kan náà, wọn kò jọra síbẹ̀. Ìdí ni pé láti ìran dé ìran, òtútù òkè ti pa àwọn tí jíìnì wọn kò bá a mu, ó sì ti ṣẹ́ àwọn tó bá a mu kù. Ọ̀nà méjì ni àyíká ń gbà ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹ má sì pa wọ́n pọ̀.

Ohun kan wà láàárín ọ̀nà méjèèjì yìí. Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Sweden, ti kọ̀wé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún nípa ewéko Linaria kan tí òdòdó rẹ̀ ṣàjèjì. Ní 1999, àwọn onímọ̀ Cubas, Vincent àti Coen fi hàn pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ jíìnì rẹ̀ kò yí padà. Àmì kẹ́míkà ni ó pa jíìnì kan lẹ́nu mọ́, àmì náà sì ń kọjá sínú irúgbìn. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ dán ti ewé yín wò, ẹ gbin irúgbìn àwọn méjèèjì sójú kan náà, kí ẹ sì dúró de ìran kejì kí ẹ tó wọn ewé, nítorí oúnjẹ tí ìyá kó sínú irúgbìn ṣì lè da ìran kìíní rú.