Ẹ̀yin tí ẹ ń wa mọ́tò oníná nílé níbí, kí ni ojú yín ti rí?

Àrẹ̀mú
Ẹ kú iṣẹ́ o. Owó bẹntiróòlù ti lé mi débi tí mo fi ń wo mọ́tò oníná. Ẹnìkan fẹ́ ta Nissan Leaf tòkunbọ̀ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ti ìlú Òyìnbó fún mi. Ẹni tó bá ti wà á lórí títì tiwa, pẹ̀lú iná tiwa, ni kó dá mi lóhùn.

Bàbá Àdùkẹ́, Ìbàdàn
Ọdún kejì rèé tí mo ti ń wa irú ẹ̀. Ti 2013 ni tèmi, Amẹ́ríkà ló ti wá. Nígbà tó wà ní tuntun, nǹkan bíi kìlómítà 135 ni wọ́n ní yóò máa rìn kí iná tó tán. Àwọn igi kéékèèké méjìlá kan wà lápá ọ̀tún lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, àwọn ló ń sọ bí ẹ̀mí bátìrì ṣe kù sí. Mẹ́sàn-án ló kù lára tèmi nígbà tó gúnlẹ̀. Tó bá rìn ọgọ́rin kìlómítà, mo dúpẹ́. Bátìrì yẹn kò ní ohunkóhun tó ń tù ú lára, ooru ló sì ń pa á. Ẹ̀yin náà mọ bí oòrùn wa ṣe rí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wáyà ìṣáàjì tó bá a wá, ti iná 120 fólìtì ti Amẹ́ríkà ni. Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò mi tó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára kí n tó tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ra ti 240. Mo tì í bọ̀ ọ́, iná pupa ló tàn. Mo yọ ọ́, mo tún tì í bọ̀ ọ́, pupa náà ni. Mo ti ń ṣépè fún ẹni tó tà á fún mi kí ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ iná tó wá wò ó, tó ní ilé mi ni kò ní earthing, ìyẹn wáyà tó wọ inú ilẹ̀ lọ nítorí ewu iná. Ilé tí mo ti gbé fún ọdún mọ́kànlá! Fíríìjì ń ṣiṣẹ́, áyọ́ọ̀nù ń ṣiṣẹ́, kò sí èyí tó béèrè earthing rí nínú wọn. Mọ́tò yìí nìkan ló ní òun kò ní jẹun nílé tí wọn kò ti sin wáyà sílẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n ri ọ̀pá bàbà mọ́ ọn, wọ́n da èédú àti iyọ̀ lé e lórí. Ìyá tó ń ta ògì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fà ìyàwó mi sẹ́yìn, ó ní ṣé kò sí o.

Ní ti owó, Band A ni àdúgbò wa, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, tí owó ẹ̀ sì wọ́n jù. Nígbà tí wọ́n gbé yúnìtì kan láti ₦68 lọ sí ₦225 ní oṣù kẹrin 2024, mo rò pé mo ti kó sí gbèsè. Àmọ́ nǹkan bíi ogún yúnìtì ni mo ń lò fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà, pẹ̀lú èyí tó ń ṣòfò lẹ́nu ṣáàjì. Ká tilẹ̀ fi ₦225 náà ṣírò ẹ̀, ₦4,500 ni. Corolla tí mo tà a máa mu lítà mẹ́sàn-án fún ìrìn kan náà. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra lítà kan ládùúgbò yín ṣe ìyókù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Ìjàpá. A lọ sìnkú àna mi ní Ọ̀yọ́. Èrò mi ni pé mo máa fi mọ́tò sí iná níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n mú iná lọ kí a tó jẹun tán. Jẹnẹrétọ̀ wà, àmọ́ àwọn onílù ti fi ẹ̀rọ tiwọn gbà á. Agogo méjì òru ni iná dé, agogo márùn-ún ó tún lọ. Mo ní èyí tó wọlé tó. Kò tó. Bí a ṣe ń wọ Mọ́níyà, àwòrán ìjàpá kékeré kan yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mi ò pàlọ́ o, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn: tí iná bá fẹ́ tán, ìjàpá a yọ, mọ́tò náà a sì máa rìn bíi tiẹ̀. Ìyàwó mi ló wà lẹ́yìn. Ó ní, "Ààlọ́ o!" Mi ò dá a lóhùn.

Ẹ mọ ibi tí mo ti rí iná? Ilé epo. Earthing tiwọn pé, wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀. Wákàtí méjì, ₦3,000. Gbogbo àwọn ọmọ tó ń ta epo ló jáde wá wò mí.

Ọmọ Alákétu, Kútọnu
Tèmi kì í ṣe mọ́tò, alùpùpù ni. Zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, ni iṣẹ́ mi. Kpayo ni mo ń rà tẹ́lẹ̀, epo inú ìgò tó ń ti ọ̀dọ̀ yín wọlé. Nígbà tí ìjọba yín yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, ọ̀dọ̀ wa níbí ni kpayo ti fò sókè. Ni mo bá bọ́ sórí oníná. Bátìrì kì í ṣe tèmi. Tó bá tán, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ̀, mo fi òfìfo sílẹ̀, mo gbé ẹ̀kún, mo sì lọ. Tí iná bá lọ nílé mi, kò kàn mí.

Àmọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò pọ̀ jù, ni gbogbo wa ń tò síbi ìpààrọ̀ náà. Mo ti pàdánù oníbàárà níbẹ̀ tí mi ò lè kà. Mi ò sì lè gùn ún lọ kí ìyá mi ní Kétu, ọ̀nà náà jìn ju okùn bátìrì lọ. Bíi ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn ni mo rí. Takisí ni mo wọ̀ lọ́dún tó kọjá, èmi tí mo ní alùpùpù.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú
Mo ti ta tèmi. Ilé àyágbé, òkè kejì, mítà kan fún yàrá mẹ́fà. Mo ń sọ wáyà láti fèrèsé. Wọ́n pe ìpàdé ilé, wọ́n ní kí n máa san ìdajì owó iná gbogbo ilé. Mo ra mítà kékeré láti fi hàn wọ́n iye tí mo ń lò, wọ́n ní mo ti yí iye orí ẹ̀ padà. Ó tán.

Rewáyà Òṣogbo
Ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fi gbé ọ̀kan wá sọ́dọ̀ mi. Mẹkáníìkì méjì ti ní bátìrì ńlá ló bàjẹ́, kí wọ́n san mílíọ̀nù. Bátìrì ńlá kún dẹ́múdẹ́mú. Bátìrì kékeré 12 fólìtì tó ń jí gbogbo ẹ̀ lójú oorun ló kú. Tuntun ni mo fi sí i, ó gbéra. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì o, wáyà aláwọ̀ ọsàn yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Iná inú ẹ̀ ju ti ilé lọ.

Àrẹ̀mú
Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá Àdùkẹ́, ẹ bá mi dá sí i. Ilé àyágbé ni mo wà, Band C. Àmọ́ mo ní sólà ní ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá Àdùkẹ́, Ìbàdàn
Ìnfátà rẹ tó mélòó? Mọ́tò yìí á máa fa ju kilowátì méjì lọ láìsinmi. Tí ìnfátà tó ń gbé fáànù àti gílóòbù bá ni, má dán an wò. Àti pé kó o tó sanwó, ní kó tan mọ́tò náà níwájú rẹ, kó o ka igi apá ọ̀tún tí mo sọ yẹn.

Àrẹ̀mú
Ó ti fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ni. Mẹ́fà.

Bàbá Àdùkẹ́, Ìbàdàn
Èló ló pè é?

Àrẹ̀mú
Ẹ jẹ́ n pè é padà ná, sà.