Àyọtò: èsì mi lórí orúkọ fíìmù kékeré tí wọ́n yọ lára sinimá ńlá

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí a ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí: kí ni kí á máa pe fíìmù kékeré tí àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà àti ti ìlú Ọba ń yọ lára sinimá ńlá, tí àwọn ènìyàn ń rà lọ sílé wò kí fídíò tó dé? Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ́kọ́ dáhùn ní "àgékúrú". Èmi dábàá "àyọwò", mo wo "àyọkà" àti "àyọlò" kọ́ ọ. Àǹtí wa wá sọ nǹkan méjì: pé ó jọ "àyẹ̀wò" jù, àti pé bí ẹnìkan bá gé ìran kan ṣoṣo nínú fíìmù tó sì fi ránṣẹ́ lórí fóònù, àyọwò ni ìyẹn náà yóò jẹ́. Ti àkọ́kọ́ kò dà mí láàmú. Fáwẹ̀lì àárín yàtọ̀, ohùn rẹ̀ náà yàtọ̀, kò sẹ́ni tó máa lọ ṣe àyọwò ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n èkejì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àyọkà kan ṣoṣo la máa ń fi síwájú akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò. Ohun tí a ń wá orúkọ fún kì í ṣe ìran kan ṣoṣo. Mo gbà fún àǹtí wa, mo sì mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá: àyọtò.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ọmọ yìí hàn yín.

Ọdún 1922 ni ilé iṣẹ́ Pathé ti ilẹ̀ Faransé gbé Pathé-Baby jáde, ẹ̀rọ tí a fi ń wo sinimá nílé. Fọ́nrán rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 9.5, àárín ni ihò tí ẹ̀rọ fi ń fà á wà, kì í ṣe etí. Sinimá tí wọ́n ti fi hàn tẹ́lẹ̀ ní gbọ̀ngàn ni wọ́n ń yọ sórí rẹ̀ fún àwọn onílé. Fọ́nrán gbówó lórí, àyè inú róòlù sì kéré, ni wọ́n bá dá ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ kíkà bá wà, wọ́n á gé etí fọ́nrán wọlé díẹ̀, bí ìgbà tí eku bá fi eyín kan etí ìwé. Bí ẹ̀rọ bá débẹ̀, á dá àwòrán yẹn dúró gbagidi kí ẹni tó ń wò lè ka ọ̀rọ̀ tán, lẹ́yìn náà ni yóò tún máa lọ. Àwòrán kan tàbí méjì ń ṣe iṣẹ́ tí bí ọgọ́rùn-ún ì bá ṣe. Ẹni tó ń ronú báyìí kì í ṣe ẹni tó kàn mú ọ̀bẹ tó ń gé nǹkan dànù.

Kodak mú fọ́nrán mìlímítà 8 jáde ní 1932, Super 8, irú fọ́nrán mìlímítà 8 mìíràn, tẹ̀lé e ní 1965. Castle Films, tí Eugene Castle dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ta fíìmù fún àwọn onílé ní 1937, lẹ́yìn tó sì bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ sinimá Universal ní 1947, ó di pé wọ́n ń yọ àwọn sinimá ẹlẹ́rù-jẹ̀jẹ̀ Universal fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí: Frankenstein, èyí tó jáde ní 1931. Ní gbọ̀ngàn sinimá, ó lé ní wákàtí kan. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 200 ti Super 8. Ẹsẹ̀ bàtà kan gba àwòrán 72, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 14,400. Bí ẹ̀rọ bá ń fi àwòrán 18 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò lè ju ìṣẹ́jú 13 àti díẹ̀ lọ. Síbẹ̀, orúkọ tí Castle fún irú róòlù ẹsẹ̀ 200 bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni "ẹ̀dà odindi". Ẹsẹ̀ 50, tí kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́rin, ni wọ́n ń pè ní ẹ̀dà "àkọlé ìròyìn".

Ẹ̀yin ará, odindi ni wọ́n pè é! Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó rà á tó ta aṣọ funfun sára ògiri ní pálọ̀, tó pa iná, rí ìtàn tó ní ìbẹ̀rẹ̀, tó gbóná láàárín, tó sì parí. Ìdí nìyí tí "àgékúrú" kò fi lè tẹ́ mi lọ́rùn. Bí télọ̀ bá gé ṣòkòtò kúrú, òkè rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, ìsàlẹ̀ nìkan ló lọ. Bí a bá gé orúkọ kúrú, a mú orí, a fi ìdí sílẹ̀. Nínú róòlù yìí, orí wà, ìdí wà, oríkèé àárín wà. Ohun tí kò sí ni ẹran tó wà láàárín oríkèé kan sí èkejì. Ẹni tó yọ ọ́ ní láti jókòó, kí ó pinnu ìran tí ìtàn kò lè dúró láìsí, kí ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó tò wọ́n, kí ó sì fi ìlà ọ̀rọ̀ kíkà díẹ̀ dí àlàfo. Ó yọ, ó tò. Àyọtò.

Arákùnrin kan dábàá "ìsọníṣókí". Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ nǹkan ní ṣókí, ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Níbí, àwòrán tí wọ́n yà ní 1931 náà la ń wò.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò pẹ̀lú, digest. Ẹnìkan ti ń gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ nípasẹ̀ oúnjẹ tó dà nínú. Kó tó di ọ̀rọ̀ inú ikùn, èdè Látìn ló ti wá, ohun tó sì ń sọ níbẹ̀ ni kí á ya nǹkan sọ́tọ̀, kí á sì tò ó. Lẹ́yìn tí mo ti ní "àyọtò" lọ́kàn ni mo rántí èyí, inú mi sì dùn gidigidi.

Ó ku ti "àgbéléwò". Àwọn kan ní kí á má fọwọ́ kàn án, pé ti àwọn eré orí kásẹ́ẹ̀tì tiwa ni. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n à-gbé-ilé-wò ni, ohun tí ẹni Pathé-Baby sì ń ṣe ní 1922 náà nìyẹn. Tí a bá ní kí á sọ ọ́ tán, "àyọtò àgbéléwò" ni kí á wí. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, "àyọtò" ti tó.

Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ méjì la ń fi irú róòlù báyìí ránṣẹ́ sí ara wa, a sì ń ṣe àkọsílẹ̀ wọn ní Yorùbá. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ tí a nílò kì í pọ̀ tó bí a ṣe rò. Ní oṣù tó kọjá, mo ṣí páálí kan, òórùn ọtí kíkan sì gba gbogbo yàrá. Asetéètì, irú ike tí wọ́n fi ṣe fọ́nrán, ló ń bàjẹ́ tó ń tú ásíìdì jáde. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ gígùn fún un. Èmi kọ "ó ti kan", bí a ṣe ń sọ ọ́ fún ọbẹ̀. Èyí tí gbogbo àwòrán inú rẹ̀ ti pọ́n kuku, nítorí pé àwọ̀ tó fara jọ aró ló kọ́kọ́ lọ, "ó ti ṣá" ni mo kọ, bí aṣọ. Àpẹẹrẹ ìlà kan nínú ìwé wa nìyí: "Àyọtò olóhùn, ẹsẹ̀ 400, àwọ̀ ti ṣá, kò tíì kan." Ẹ kà á sókè, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.

Ibi kan ṣoṣo ni ọwọ́ mi kò tíì tó: ojú ibi tí wọ́n ti lẹ fọ́nrán méjì pọ̀. "Oríkèé" ni mo ń lò títí di ìsinsìnyí. Àwọn eléré tíátà wa gbé fíìmù àti purojẹ́kítọ̀ kiri gbọ̀ngàn ìlú àti ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ó sì dájú pé fọ́nrán já mọ́ wọn lọ́wọ́ tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó bá wọn rìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é.