Ewéko wo ló lè bo ilẹ̀ láàárín òkúta, níbi ibòji létí òkun?

Ẹ̀yin olùfẹ́ ọgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo to òkúta sẹ́yìn ilé létí òkun, mo sì fẹ́ kí ewéko tó ń rá mọ́lẹ̀ bo àlàfo àárín wọn. Abẹ́ igi ni, oòrùn kì í débẹ̀ ju wákàtí 2 lọ lójúmọ́. Afẹ́fẹ́ òkun tún ń gbé iyọ̀ wá; tí mo bá fọwọ́ ra ewé láàárọ̀, iyọ̀ á lẹ̀ mọ́ mi níka.

Armeria (ewéko kékeré olódòdó) tí mo kọ́kọ́ gbìn kò bẹ̀rù iyọ̀, àmọ́ oòrùn ló fẹ́: àárín rẹ̀ dúdú, ó sì jẹrà. Ọkàn mi ń fà sí Liriope (ewéko tó rí bíi koríko) báyìí. Vinca minor (ewéko mìíràn tó ń rá mọ́lẹ̀) gba ibòji lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé yóò gbilẹ̀ jù. Ta ló ti gbin èyíkéyìí nínú wọn síbi tí iyọ̀ ń dé?