Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti mú àgbàlagbà lọ sí Toledo ní orílẹ̀-èdè Spain rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ mú màmá mi, ẹni ọdún 71, lọ sí Toledo láti Madrid, ká lọ láàárọ̀ ká bọ̀ nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú afinimọ̀nà. Ti ọkọ̀ ojú irin kò le, kò ju bí ìṣẹ́jú 35 lọ. Orúnkún màmá ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Orí òkè ni ìlú náà wà, òkúta ni wọ́n sì tẹ́ sójú ọ̀nà. Lọ́dún tó kọjá, níbòmíràn, afinimọ̀nà kan fi wá sílẹ̀ sẹ́yìn. Orí àtẹ̀gùn ni màmá jókòó sí, tí wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún.

Kàtídírà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1226 ni màmá fẹ́ rí jù, pàápàá ihò tí wọ́n dá sí òrùlé kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn sẹ́yìn pẹpẹ. Alaalẹ́ ni wọ́n ń ní kí n fi fọ́tò rẹ̀ hàn wọ́n. Èmi fẹ́ dé Santa María la Blanca, sínágọ́gù àtijọ́ tó di ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ṣé àtẹ̀gùn oníná tó ń gbéni gòkè jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin? Ṣé kí n gba afinimọ̀nà tiwa nìkan?