Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni mo lè fi àjákù àdìrẹ àti ohun ìṣeré tó ti bàjẹ́ ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òṣogbo ni mo wà, aṣọ ni mò ń rán. Àjákù àdìrẹ ti kún àpò ìrẹsì méjì lábẹ́ tábìlì mi, mi ò sì lè dà á nù, torí aró ara òmíràn ṣì dúdú minimini. Ẹ wá fi ti àwọn ọmọ kún un: mọ́tò tí kò ní táyà mọ́, bèbí tó ti kán lápá.

Bèbí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo rán ìró àti bùbá fún un, mo wé gèlè lé e lórí, mo fi ìborùn bo apá tó kán. Ó wá dà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín! Mọ́tò ló yọ mí lẹ́nu. Mo fẹ́ kó di ibi tí mò ń kó bọ́tìnnì sí, mo bá kùn ún ní ọ̀dà pupa. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ọ̀dà fi ń bó bí èèpo iṣu sísè. Gọ́ọ̀mù tí mo gbà lọ́wọ́ ṣúmékà jẹ ike náà, ó sì ń rùn débi pé mo lé àwọn ọmọ síta.

Ẹnìkan ní kí n kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí n fi sanpépà ha á. Ṣé ẹ ti dán an wò? Gọ́ọ̀mù wo ló ń mú aṣọ mọ́ ike, tí ọmọ ọdún 6 lè jókòó tì? Mo fẹ́ pàtẹ díẹ̀ nígbà ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ìrọ̀rí o, tilé wa ti pọ̀ jù.